Ẹni Tó Wà ní Òdìkejì Àwọ̀n: Federer àti Nadal ní Wimbledon, 2008

 

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ ohun tó ń sọ ìdíje di mánigbàgbé. Mo lè kó ìdíje bíi mẹ́wàá jọ, kí n sì fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú wá: èyí tí Roger Federer ará Swítsálandì àti Rafael Nadal ará Sípéènì gbá ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 2008, ní Wimbledon nílùú London. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ni ọjọ́ yẹn, ẹni tó gba ife àti ẹni tí kò gbà á. Mo sì tún gbà pé ẹni tó dúró ní òdìkejì àwọ̀n kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí olùkọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn kò rí kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìṣirò eré náà fún àwọn tí kò gbá a rí, nítorí inú ìṣirò yẹn gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ òní wà. Bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ni sáàfù. Ẹnìkan ni yóò máa ṣe sáàfù títí géèmù kan yóò fi parí, kí ó tó kan ẹnìkejì. Póìntì mẹ́rin ló ń di géèmù kan, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnìkejì rẹ lọ. Géèmù mẹ́fà ló ń di sẹ́ẹ̀tì kan, níbẹ̀ náà o gbọ́dọ̀ fi méjì jù ú lọ. Bí ó bá di mẹ́fà sí mẹ́fà, wọ́n á gbá tie-break: ẹni tó bá kọ́kọ́ ní póìntì méje, tó sì fi méjì ta ẹnìkejì yọ, òun ló ni sẹ́ẹ̀tì náà. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ni ọkùnrin gbọ́dọ̀ gbà ní Wimbledon kí ó tó borí. Ní ọdún 2008, kò sí tie-break nínú sẹ́ẹ̀tì karùn-ún níbẹ̀. Wọn yóò máa gbá a lọ ni, títí ẹnìkan yóò fi fi géèmù méjì ju ẹnìkejì. Ẹ fi í sọ́kàn pẹ̀lú pé ẹni tó ní sáàfù ló ní agbára, pàápàá lórí koríko. Ẹni tó bá gba géèmù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe sáàfù ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ẹni tó bá ti dúró ti ọpọ́n ayò rí lábẹ́ igi ní ọ̀sán mọ̀ pé nígbà tí ọ̀ta bá ń bá ọ̀pẹ ta, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran ń rín. Ìgbà tí ọ̀ta méjì bá jókòó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mọ ilé tí ẹnìkejì ń kó ọmọ sí kí ó tó na ọwọ́, nígbà náà ni gbogbo ẹnu ń pa mọ́, tí ẹni tó ń lọ sọ́jà ń sọ ẹrù kalẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Federer ni àgbà. Ìlú Basel ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọdún 1981. Lynette ìyá rẹ̀, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni. Títí di ọjọ́ ìdíje yìí, láti oṣù Kejì ọdún 2004 ló ti wà ní ipò kìíní lágbàáyé, kò sì tí ì kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti gba ife Wimbledon lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, láti 2003 dé 2007. Nígbà tó ń wọ pápá lọ́jọ́ náà, ìdíje 65 ló ti gbá lórí koríko láìsí ẹni tó borí rẹ̀, 40 nínú wọn ní Wimbledon gan-an. Bí ó ṣe ń gbá eré náà rọrùn lójú débi pé ẹni tó bá ń wò ó á rò pé òun náà lè ṣe é.

Nadal kéré sí i ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 1986 ni wọ́n bí i ní Manacor, ní erékùṣù Mallorca. Toni, ọmọ ìyá bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ láti kékeré. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nadal fi ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń gbá tẹníìsì, ọwọ́ òsì yẹn sì ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Nígbà tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé ní Miami ní oṣù Kẹta ọdún 2004, ọmọ ọdún 17 ni Nadal. Federer ti wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà. Ọmọdé náà borí rẹ̀ ní 6–3, 6–3.

Ohun tí Nadal ń fi bọ́ọ̀lù ṣe ni pé ó máa ń fi ráákẹ́ẹ̀tì fá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tagbára-tagbára, tí bọ́ọ̀lù á máa yí bírí bírí bí ó ti ń kọjá lórí àwọ̀n. Bí ó bá balẹ̀, á fò sókè ju ibi tí ojú ti retí rẹ̀. Nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni, bọ́ọ̀lù tó bá fi ọwọ́ iwájú gbá gba igun pápá kọjá, ẹ̀yìn ọwọ́ Federer ló ń lọ. Federer sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọwọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá wà ní ìbàdí, kò sí ẹni tó gbá a dára jù ú lọ láyé. Bí ó bá ga dé èjìká, agbára á kúrò nínú apá, nítorí kò sí ọwọ́ kejì tí yóò ti í lẹ́yìn. Toni àti Nadal rí èyí, wọn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́: ẹ̀yìn ọwọ́ ni, ẹ̀yìn ọwọ́ náà ni, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lórí ilẹ̀ amọ̀ pupa ti Paris, níbi tí wọ́n ti ń gbá ìdíje ńlá ti ilẹ̀ Faransé, bọ́ọ̀lù a máa rọra dé, a sì máa fò ga. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Nadal ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2008, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó borí Federer nínú àṣekágbá níbẹ̀ ní 6–1, 6–3, 6–0. Ojú ti àwọn tó fẹ́ràn Federer lọ́jọ́ yẹn, mo wà lára wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa fi koríko tu ara wa nínú. Lórí koríko, bọ́ọ̀lù a máa yọ̀ lọ nílẹ̀, kì í sábà ga dé èjìká. Ohun tí a kò fi ọkàn sí tó ni pé láti ọdún 2001 ni àwọn alábòójútó Wimbledon ti pààrọ̀ irú koríko tí wọ́n ń gbìn, tí pápá wá le sí i, tí bọ́ọ̀lù sì ń fò dáadáa ju ti ìgbà àwọn bàbá wọn lọ.

Nadal ní tirẹ̀ ti ń súnmọ́ Federer lórí koríko. Nínú àṣekágbá Wimbledon ọdún 2006, Federer fi sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin borí rẹ̀. Ní 2007, ó di sẹ́ẹ̀tì márùn-ún kí Federer tó rí i mú. Nadal sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, *Rafa*, tó jáde ní ọdún 2011, pé lẹ́yìn ti 2007 yẹn, òun jókòó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ níbi tí omi ti ń dà sí òun lórí, òun sì sunkún fún ìdajì wákàtí. Ó ní ohun tó dun òun ni pé ọkàn òun ló já òun kulẹ̀. Ẹni ọdún 21 ni. Ó ti gba ife Paris lẹ́ẹ̀mẹta nígbà náà. Síbẹ̀ ó sunkún, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀gá òun kò jìnnà mọ́.

Òjò ló fa ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 35. Aago 2:35 ọ̀sán ni wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ní oṣù Keje, aago London àti ti Èkó bára mu, nítorí náà ẹni tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn kò nílò láti ṣírò kankan. Björn Borg jókòó láàárín àwọn àlejò pàtàkì. Títí dìgbà náà, òun ni ọkùnrin tó gba ife Paris àti ti Wimbledon nínú ọdún kan náà kẹ́yìn, ní 1980. Manuel Santana náà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo láti Sípéènì tó ti gba ife Wimbledon títí dìgbà náà, ní 1966. Pascal Maria ará Faransé ni réfírì tó jókòó sórí àga gíga.

Sẹ́ẹ̀tì kìíní kò gba àlàyé púpọ̀. Nadal gba géèmù kan lọ́wọ́ Federer ní kùtùkùtù, ó dì í mú títí dé òpin: 6–4. Sẹ́ẹ̀tì kejì ló yani lẹ́nu. Federer wà níwájú pẹ̀lú géèmù 4 sí 1. Gbogbo pápá ti gbà pé ọba ti jí. Nadal sì gba géèmù márùn-ún léraléra, ó di 6–4 lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní sẹ́ẹ̀tì kẹta, nígbà tó di mẹ́ta sí mẹ́ta, Federer ń ṣe sáàfù, ó sì ti wà ní òdo sí 40, ìyẹn ni pé Nadal ti gba póìntì mẹ́ta, òun kò sì tí ì gba ìkankan. Bí Nadal bá gba póìntì kan péré nínú mẹ́ta tó kàn, ó ṣeé ṣe kí eré parí kí ilẹ̀ tó tutù. Kò gbà á. Federer yọ nínú ìyẹn. Nígbà tó di 5–4 fún Federer, òjò dé, wọ́n fi tapólì bo pápá fún ìṣẹ́jú 80. Nígbà tí wọ́n padà dé, sẹ́ẹ̀tì náà di tie-break, sáàfù Federer sì gbà á sílẹ̀: 7–5.

Mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ ní tie-break sẹ́ẹ̀tì kẹrin. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Nadal wà níwájú, 5 sí 2. Sáàfù méjì tó kàn, tirẹ̀ ni. Póìntì méjì ló kù kí ó di aṣẹ́gun Wimbledon, sáàfù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe sáàfù àkọ́kọ́, ó kùnà. Ó ṣe ìkejì, òun náà kùnà. Ó ti fi póìntì kan ta Federer lọ́rẹ. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, ó gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọwọ́ sínú àwọ̀n. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó hàn kedere nínú apá rẹ̀. Ọkùnrin tó sunkún ní balùwẹ̀ ní ọdún tó kọjá ti tún dé ẹnu ọ̀nà kan náà.

Federer lé e bá. Síbẹ̀ Nadal tún gòkè dé 7 sí 6: póìntì kan péré ló kù báyìí. Federer ló ni sáàfù, ó fi agbára gbá a, Nadal kò lè dá a padà síbi tó yẹ. Ó di 7 sí 7. Lẹ́yìn náà ni Federer sáré lọ síwájú, ó dúró ti àwọ̀n, ó sì dí gbogbo ọ̀nà. Nadal ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́hùn-ún. Láti ibi tó sáré dé yẹn ni ó ti rán bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tí Federer kàn ń wò ó. Ó di 8 sí 7, sáàfù sì tún padà sọ́wọ́ Nadal. Ẹni tó bá gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ tán, ó yẹ kí eré parí fún un.

Nadal ṣe sáàfù, ó rí àyè, ó gbá bọ́ọ̀lù tó le sí ẹ̀yìn ọwọ́ Federer, ó sì sáré tẹ̀lé e lọ sí ẹnu àwọ̀n. Gbogbo ohun tó ti kọ́ láti ọdún mẹ́rin wá ló fi ṣe é: ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn ni kí o lọ bá, ibẹ̀ ni yóò ti wó. Ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn náà ni Federer fi dá a lóhùn. Ó gbá a gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kọjá, tààrà, mímọ́ tónítóní. Ó di 8 sí 8. Póìntì méjì tó kù, Federer ló gbà wọ́n. Sẹ́ẹ̀tì méjì sí méjì.

Mo ti wo póìntì méjèèjì yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ẹnìkan gbá bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kí ènìyàn lè gbá, ìkejì sì dá a lóhùn pẹ̀lú òmíràn kí ariwo àkọ́kọ́ tó rọlẹ̀. Bí Federer bá ń bá ẹlòmíràn gbá, kò ní sí ìdí fún un láti gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Bí Nadal bá ń bá ẹlòmíràn gbá, kò ní rí ohun tí yóò mú un sáré dé ibi tó sáré dé.

Sẹ́ẹ̀tì karùn-ún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2–2, òjò tún dé, ó gba ìṣẹ́jú 30. Nígbà tí wọ́n padà, ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ. Ní Èkó, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ a máa pẹ́ kí ó tó wọ̀ ní London. Pápá náà kò tí ì ní òrùlé tó ń ṣí tó ń padé. Ọdún 2009 ni wọ́n fi òrùlé náà sí i. Kò sì sí iná. Ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fún wọn.

Federer ló kọ́kọ́ ṣe sáàfù nínú sẹ́ẹ̀tì yìí, nítorí náà òun ló máa ń ṣáájú, tí Nadal á máa lé e bá. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ní 4–5, ní 5–6 àti ní 6–7, ni Nadal ṣe sáàfù pẹ̀lú ìmọ̀ pé bí òun bá pàdánù géèmù yìí, ó ti tán, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí léraléra nínú àṣekágbá Wimbledon. Kò pàdánù ọ̀kankan. Ìgbà tó di 7–7 ni ó gba géèmù lọ́wọ́ Federer. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì kẹta, géèmù 38 ni wọ́n ti gbá láìsí ẹni tó gba géèmù sáàfù lọ́wọ́ ẹnìkejì. Èyí ni ẹni tó mọ tẹníìsì fi ń mọ̀ pé àwọn méjèèjì wà lórí òkè kan náà.

Ní 8–7, Nadal ṣe sáàfù fún ife. Ó dé póìntì ìparí, ìkẹta lọ́jọ́ náà. Federer tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ dá sáàfù rẹ̀ padà lọ́nà tí Nadal kò lè fọwọ́ kàn án. Ó dé póìntì ìparí kẹrin. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ iwájú Federer bọ́ sínú àwọ̀n. Nadal dùbúlẹ̀ gbalaja lórí koríko. Aago 9:16 alẹ́ ni. 6–4, 6–4, 6–7, 6–7, 9–7. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48 ni wọ́n fi gbá a, kò sì tí ì sí àṣekágbá tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Wimbledon rí títí dìgbà náà. Nadal gun orí ìjókòó lọ gbá àwọn ẹbí rẹ̀ mọ́ra, ó tún rìn lórí òrùlé yàrá àwọn oníròyìn lọ kí Felipe, àrẹ̀mọ ọba Sípéènì nígbà náà, àti ìyàwó rẹ̀. Iná kámẹ́rà ló ń tàn yẹ̀rì yẹ̀rì káàkiri nígbà tí wọ́n ń fún un ní ife, nítorí òkùnkùn ti dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò náà báyìí. Póìntì 413 ni wọ́n gbá. Nadal gba 209, Federer gba 204. Márùn-ún ni ìyàtọ̀ wọn. Federer ní àǹfààní 13 láti gba géèmù lọ́wọ́ sáàfù Nadal. Ẹyọ kan ṣoṣo ló lò, ìyẹn ní sẹ́ẹ̀tì kejì tó ti kọ́kọ́ ń ṣáájú. Nadal náà ní 13, ó lo mẹ́rin. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ sí ara wọn. Ìdí kan wà fún un: bí Nadal bá wà nínú ewu, sáàfù ọwọ́ òsì rẹ̀ a máa tẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ Federer, ibi tí ara ti ń ni ín. Àwọn kan sọ pé oríire ni. Ètò ni, ètò ọdún mẹ́rin.

Àwọn kan máa ń bi mí léèrè pé ṣé gígùn ìdíje ni ó sọ ọ́ di ńlá. Rárá o. Ní Wimbledon kan náà ní 2010, John Isner àti Nicolas Mahut gbá wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta, sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn sì jẹ́ 70 sí 68. Ìfaradà wọn ga, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n sáàfù lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ọ̀nà wọ inú eré ẹnìkejì. Novak Djokovic àti Nadal náà gbá wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 53 ní ìdíje ńlá ti Ọsirélíà ní Melbourne ní 2012, ìyẹn sì súnmọ́ ohun tí mò ń wí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé ti Borg àti John McEnroe ti 1980 síwájú, pẹ̀lú tie-break rẹ̀ tó dé 18 sí 16, n kò ní bá a jà. McEnroe fúnra rẹ̀ ló sọ pé ti 2008 ni ìdíje tó ga jù tí òun tíì rí. Ẹni tó gbá ìyẹn, tó sì tún jókòó wo èyí, ẹ̀rí rẹ̀ tó mi.

Nísinsìnyí mo fẹ́ dé ibi tí mò ń lọ. Kí ni àwọn méjèèjì fi ìjà yìí ṣe lẹ́yìn náà?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Nadal gba ipò kìíní, lẹ́yìn tí Federer ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 237 tẹ̀léra. Ní oṣù Kejì 2009, Nadal tún borí rẹ̀ ní Melbourne, nínú sẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Federer sunkún lójú gbogbo ayé níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn, kò lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nadal fi apá gbá a lọ́rùn. Ẹni tó ti sunkún nítorí ọkùnrin yìí ní 2007 mọ irú omijé tí ó rí.

Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀ fún Federer, bí ó ti ń parí fún ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí ọmọdé bá ti rí ìdí wọn. Ṣùgbọ́n ó padà lọ kọ́ṣẹ́. Ní 2014 ó fi ráákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ti mọ̀ láti ìgbà èwe sílẹ̀, ó mú èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí bọ́ọ̀lù gíga tó ń bọ̀ ní ẹ̀yìn ọwọ́ lè rí ibi dúró sí. Ó kọ́ bí a ti ń súnmọ́ ìlà, kí ó lè gbá bọ́ọ̀lù náà kí ó tó ga dé èjìká. Ní oṣù Kìíní 2017, ó ti pé ẹni ọdún 35, ó ń bọ̀ láti inú ìsinmi oṣù mẹ́fà nítorí orúnkún, wọ́n tún pàdé nínú àṣekágbá ní Melbourne. Nadal wà níwájú ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, 3 sí 1. Federer gba géèmù márùn-ún tẹ̀léra, ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn gan-an ló sì fi gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó borí Nadal lọ́dún yẹn, Nadal kò borí rẹ̀ rárá. Ìbéèrè tí Nadal bi í láti 2004, ọdún 13 ló fi wá ìdáhùn rẹ̀, ó sì rí i.

Nadal náà kì bá tí mọ koríko bí kì í bá ṣe pé Federer dúró sórí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ amọ̀ ni. Ó lè jókòó sí Paris kí ó máa gba ife lọ, nítorí 14 ló padà gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sáàfù rẹ̀ ṣe, ó kọ́ láti wá sí ẹnu àwọ̀n, ó gba Wimbledon lẹ́ẹ̀kejì ní 2010. Ife ńlá 22 ni ó kó jọ kí ó tó fi ráákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Málaga ní oṣù Kọkànlá 2024. Federer kó 20. Ìgbà 40 ni wọ́n pàdé, Nadal borí 24, Federer borí 16.

Ní oṣù Kẹfà 2024, Federer bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Dartmouth College ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé nínú ìdíje 1,526 tí òun dá gbá, òun borí nínú nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ìdá 54 péré ni póìntì tí òun gbà. Ó tún dárúkọ ọjọ́ 2008 yẹn. Ó ní láti póìntì àkọ́kọ́ ni òun ti pàdánù rẹ̀, nítorí pé òun wo òdìkejì àwọ̀n, òun rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà òun ní Paris, òun sì rò pé ebi ife yìí lè máa pa á ju òun lọ. Ó di sẹ́ẹ̀tì kẹta kí òun tó rántí ẹni tí òun jẹ́. Ọdún 16 ti kọjá, ó ṣì ń ka ìwé ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n dà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2020, wọ́n jọ gbá eré ọlọ́rẹ̀ẹ́ ní Cape Town, ní orílẹ̀-èdè ìyá Federer, kí wọ́n lè kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nílẹ̀ Áfíríkà. Ènìyàn 51,954 ló wá wò wọ́n. Nígbà tí Federer fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn láyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ní London ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Nadal ló mú kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òun, wọ́n jọ gbá a ní méjì-méjì. Wọ́n pàdánù. Wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, àwọn méjèèjì ń sunkún. Àgbàlagbà tó bá rí àwòrán yẹn tí kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì, n kò mọ irú ọkàn tó ní.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kàn báyìí. Mo rí i ní àwọn pápá wa pé bí ọmọ kan bá mọ eré gbá, àwọn èèyàn rẹ̀ a máa dáàbò bò ó. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje tí ẹni tó lè borí rẹ̀ bá wà. Wọ́n á mú un lọ síbi tí ife ti rọrùn, kí orúkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, borí Guillermo Vilas lórí koríko Wimbledon ní 1983, ó sì dé ìpele kẹrin. A lè ní irú rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá ní ẹni tó ń bà á lẹ́rù lóde ilé rẹ̀ kò ní mọ ibi tí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹ bá rí ọmọ méjì tí wọ́n ń le ara wọn bọ̀, ẹ má ṣe yà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù, kí ẹni tó bá pàdánù lọ sunkún rẹ̀, kí ó sì padà wá.

Fídíò ìdíje náà wà lórí YouTube. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ ìsinmi kan, kí ẹ wò ó pa pọ̀. Bí àyè kò bá gba yín láti wo gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti tie-break sẹ́ẹ̀tì kẹrin, kí ẹ sì wò ó dé òpin.